Quarterback àti Owó Ẹgbẹ́ Nínú Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Láti Ọwọ́ Olólùfẹ́ Kan

Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wo bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, àti àwọn tó ti ń wò ó tipẹ́, ló máa ń béèrè àwọn ìbéèrè wọ̀nyí lọ́wọ́ mi nípa quarterback àti owó tí àwọn ẹgbẹ́ NFL, líìgì ńlá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, ń ná lórí agbábọ́ọ̀lù. Èrò olólùfẹ́ ni mo kọ síbí, ṣùgbọ́n iye owó, ọdún àti èsì ìdíje tí mo mẹ́nu bà wà ní gbangba fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ yẹ̀ wọ́n wò. Ohun tí mo gbà gbọ́ kò fara sin: ẹgbẹ́ kì í wọ gàù nítorí pé ó sanwó ńlá fún quarterback tó mọṣẹ́ dójú àmì. Ìgbà tó bá san owó ọ̀gá fún ẹni tí kò tíì di ọ̀gá ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀.

Kí ni iṣẹ́ quarterback gan-an, tí owó rẹ̀ fi ga ju ti gbogbo ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ?

Òun ni bọ́ọ̀lù máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí lọ́wọ́ ní ọ̀pọ̀ jù lọ ìgbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń kọlu ẹgbẹ́ kejì. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, ó gbọ́dọ̀ wo bí àwọn adènà ṣe tò, kó mọ ẹni tí wọ́n fi sílẹ̀ láìṣọ́, kó sì ju bọ́ọ̀lù síbi tí onítọ̀hún yóò sáré dé, nígbà tí àwọn géńdé tó wúwo ju ọgọ́rùn-ún kílò lọ ń bọ̀ wá gbé e ṣánlẹ̀. Agbábọ́ọ̀lù 53 ló wà nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kò sì sí ìkankan nínú àwọn yòókù tí àṣìṣe rẹ̀ lè ba ọ̀sẹ̀ kan jẹ́ pátápátá bíi tirẹ̀. Ẹgbẹ́ 32 ló ń wá ẹni tó lè ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa, èmi kò sì rò pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé 15 lórí ilẹ̀ ayé. Ọjà tó bá wọ́n bẹ́ẹ̀ kò lè rọjú.

Ṣé ẹgbẹ́ olówó kò lè ra gbogbo ẹni tó dára, bí wọ́n ṣe ń ṣe nínú bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá?

Rárá o. Àwọn tó ti ń wo Premier League tàbí La Liga tẹ́lẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí máa ń rú lójú jù. Láti ọdún 1994 ni NFL ti fi gbèdéke sí iye tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè ná lórí agbábọ́ọ̀lù láàárín ọdún kan. Mílíọ̀nù 34.6 dọ́là ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọdún 2025, ó ti di mílíọ̀nù 279.2 dọ́là. Bó ti wù kí ẹni tó ni ẹgbẹ́ lówó tó, iye kan náà ni òun àti ẹni tí kò lówó tó o yóò fi kó ẹgbẹ́ wọn jọ. Dọ́là kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá fún quarterback, ẹ ti mú un kúrò lórí ẹni tó yẹ kó dáàbò bò ó, ẹni tó yẹ kó gba bọ́ọ̀lù tó bá jù, tàbí ẹni tó yẹ kó gbé quarterback ẹgbẹ́ kejì ṣubú. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ owó fi jẹ́ ara eré náà gan-an fún mi, tí mo fi ń ka ìwé àdéhùn agbábọ́ọ̀lù bí mo ṣe ń wo ìdíje.

Kí ni òkú owó tí àwọn olólùfẹ́ máa ń pariwo lé lórí?

Ká sọ pé ẹgbẹ́ fún agbábọ́ọ̀lù ní mílíọ̀nù 50 dọ́là gẹ́gẹ́ bí owó ìtọwọ́bọ̀wé lórí àdéhùn ọdún márùn-ún. Owó náà ti di tirẹ̀, ṣùgbọ́n NFL gbà kí ẹgbẹ́ pín in sórí ọdún tí àdéhùn yóò fi wà, bí kò bá ti ju ọdún márùn-ún lọ, nítorí náà mílíọ̀nù 10 péré ni yóò máa hàn lábẹ́ gbèdéke lọ́dọọdún. Bí ẹni ra ọjà láwìn ni: ẹrù ti dé ilé, gbèsè ṣì wà lọ́rùn. Bí wọ́n bá lé agbábọ́ọ̀lù náà lọ lẹ́yìn ọdún méjì, mílíọ̀nù 30 tó kù yóò já lé ẹgbẹ́ lórí, ẹni tí kò sí ní pápá mọ́ yóò sì máa jẹ nínú owó àwọn tó wà ní pápá.

Ti quarterback kan, Russell Wilson, ni kí ẹ wò. Ní oṣù Kẹta ọdún 2022, Denver kó àwọn agbábọ́ọ̀lù mẹ́ta fún Seattle, pẹ̀lú ẹ̀tọ́ yíyan ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù (nínú draft, ètò ọdọọdún tí àwọn ẹgbẹ́ fi ń yan àwọn ọ̀dọ́ ní ìpele-ìpele) ní ìpele àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀mejì, àti ní ìpele kejì lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n tó rí i gbà. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án, kó tó gbá ìdíje sáà kan ṣoṣo fún wọn, wọ́n fi ọdún márùn-ún àti mílíọ̀nù 245 dọ́là kún àdéhùn rẹ̀. Ìdíje 30 ló bẹ̀rẹ̀ fún wọn, 11 péré ni wọ́n sì borí níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa jẹ́ kó lọ ní oṣù Kẹta ọdún 2024, òkú owó tó fi sílẹ̀ fún wọn jẹ́ mílíọ̀nù 85 dọ́là, èyí tí ẹgbẹ́ kankan kò tíì rí irú rẹ̀ rí nígbà náà. Pittsburgh gbà á ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.2 dọ́là fún ọdún náà, nítorí pé Denver ló ṣì ń san èyí tó pọ̀ jù nínú owó rẹ̀. Ohun tó ń dùn mí nínú ìtàn yìí ni ìkánjú. Ó ṣì ku ọdún méjì nínú àdéhùn tó gbé wá láti Seattle; kò sí ohun tó ń lé Denver.

Wọ́n ní ẹgbẹ́ tó bá sanwó ńlá fún quarterback kì í gba Super Bowl, ife ẹ̀yẹ ìdíje àṣekágbá NFL. Ṣé òótọ́ ni?

Fún ọdún gbọọrọ, ìṣirò ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn. Láti ìgbà tí gbèdéke ti bẹ̀rẹ̀ títí di sáà 2021, kò sí quarterback tó gba ife ẹ̀yẹ náà nígbà tí owó rẹ̀ kọjá ìdá 13.1 nínú ọgọ́rùn-ún gbèdéke náà, Steve Young ti San Francisco ló sì dé ibẹ̀ ní sáà 1994. Ní sáà 2022, Patrick Mahomes ń jẹ nǹkan bí ìdá 17 nínú ọgọ́rùn-ún owó Kansas City, wọ́n sì na Philadelphia 38 sí 35 ní oṣù Kejì ọdún 2023. Ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún gbà á.

Ohun tí Kansas City ṣe kó tó di ìgbà yẹn ló yẹ kí a kíyè sí. Ní oṣù Keje ọdún 2020, wọ́n bá Mahomes tọwọ́ bọ àdéhùn ọdún mẹ́wàá tó tó mílíọ̀nù 450 dọ́là. Ní oṣù Kejì ọdún 2021, Tampa Bay na wọ́n 31 sí 9 nínú Super Bowl. Eric Fisher àti Mitchell Schwartz, àwọn méjì tó ń ṣọ́ igun òsì àti igun ọ̀tún níwájú rẹ̀, ti farapa, àwọn adènà Tampa Bay sì ń lé e kiri pápá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìgbà kan wà nínú ìdíje náà tí Mahomes ti ń ṣubú lọ, tí ara rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ nà gbalaja lójú afẹ́fẹ́, síbẹ̀ tó ju bọ́ọ̀lù náà síbi tó yẹ kó dé gẹ́lẹ́. Bọ́ọ̀lù náà lu irin iwájú akoto Darrel Williams, ó sì já bọ́ sílẹ̀. Mo ṣì máa ń wo fídíò yẹn. Kò sí iye tí ẹ lè san fún ẹnì kan tó lè mú un ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìyà ni wọ́n sì fi jẹ ẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹgbẹ́ náà tún ìlà iwájú kọ́ láàárín oṣù díẹ̀. Wọ́n sanwó fún Joe Thuney, wọ́n ṣe pàṣípààrọ̀ gba Orlando Brown, wọ́n sì yan Creed Humphrey ní ìpele kejì àti Trey Smith ní ìpele kẹfà. Ní oṣù Kẹta ọdún 2022, nígbà tí Tyreek Hill tó máa ń sáré bí ìjì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè owó tí wọn kò lè san, wọ́n jẹ́ kó lọ sí Miami, wọ́n sì gba ẹ̀tọ́ yíyan ọ̀dọ́ márùn-ún dípò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní wọ́n ti tán. Ife ẹ̀yẹ méjì ni wọ́n gbà lẹ́yìn rẹ̀.

Ta wá ni kí ẹgbẹ́ má sanwó fún?

Ẹni tó wà láàárín, tí kò burú, tí kò sì lè gbé ẹgbẹ́ dé òkè. Ibí ni owó ń ṣòfò jù, ibẹ̀ náà sì ni ó ti ṣòro jù láti sọ pé rárá, nítorí pé ẹ̀rù ń ba alákòóso ẹgbẹ́ pé òun lè má rí ẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ New York Giants ni mo máa ń tọ́ka sí. Ní sáà 2022, Daniel Jones, quarterback wọn, ju bọ́ọ̀lù tó di góòlù (touchdown) 15 péré, wọ́n sì borí Minnesota nínú ìdíje kòmẹsẹ̀-ó-yọ kan. Saquon Barkley, tó ń gbé bọ́ọ̀lù sáré, ló ru púpọ̀ nínú ẹrù náà. Nígbà tó di oṣù Kẹta ọdún 2023, wọ́n fún Jones ní àdéhùn ọdún mẹ́rin àti mílíọ̀nù 160 dọ́là. Barkley kò rí àdéhùn ọlọ́jọ́ pípẹ́ gbà. Ọdún kan ni wọ́n fi dè é mọ́lẹ̀. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó kọjá sí Philadelphia, ẹgbẹ́ tó jẹ́ ọ̀tá wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, lórí mílíọ̀nù 37.75 dọ́là fún ọdún mẹ́ta. Ó sáré yáàdì 2,005 ní sáà náà. Nínú ìdíje pẹ̀lú Jacksonville, ó yí padà lójú eré, ó kẹ̀yìn sí adènà kan, ó sì fò kọjá lórí rẹ̀ sẹ́yìn láìwo ibi tó ń lọ. Ní oṣù Kọkànlá ọdún kan náà, Giants jẹ́ kí Jones máa lọ. Ní oṣù Kejì ọdún 2025, Barkley gba Super Bowl.

Àwọn kan yóò ní àwọn tó ń gbé bọ́ọ̀lù sáré kì í tọ́jọ́, nítorí náà kò yẹ kí a sanwó fún wọn. Mo gbà pé wọn kì í tọ́jọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí Giants fi wé ara wọn kì í ṣe Barkley àti Mahomes. Barkley àti Jones ni, Jones sì ni wọ́n fún ní owó tó ju ìlọ́po mẹ́rin owó tí Philadelphia fi gba Barkley.

Ṣé ẹni tó gba Super Bowl kò ti fi hàn pé òun tó owó ńlá?

Kò fi dandan rí bẹ́ẹ̀. Baltimore gbà á ní oṣù Kejì ọdún 2013, Joe Flacco, quarterback wọn, sì gbá bọ́ọ̀lù tó kọjá agbára rẹ̀ nínú ìpele kòmẹsẹ̀-ó-yọ náà. Ní oṣù Kẹta, wọ́n fún un ní ọdún mẹ́fà àti mílíọ̀nù 120.6 dọ́là. Láàárín oṣù kan náà ni wọ́n fi Anquan Boldin, ẹni tó gba bọ́ọ̀lù rẹ̀ sọ di góòlù nínú ìdíje àṣekágbá náà, ránṣẹ́ sí San Francisco, tí wọ́n sì gba ẹ̀tọ́ yíyan ọ̀dọ́ kan ní ìpele kẹfà. Ní oṣù Kẹrin, wọ́n tún jẹ́ kí Brendon Ayanbadejo, ọmọ Yorùbá tí bàbá rẹ̀ wá láti Nàìjíríà, máa lọ. Ní sáà tó tẹ̀ lé e, ìdíje mẹ́jọ ni wọ́n borí, mẹ́jọ ni wọ́n pàdánù, wọn kò sì dé ìpele kòmẹsẹ̀-ó-yọ. Nick Foles náà gba Super Bowl fún Philadelphia ní oṣù Kejì ọdún 2018. Mo fẹ́ràn rẹ̀ títí di òní, inú mi sì dùn pé ẹgbẹ́ náà kò torí oṣù kan ṣoṣo yí gbogbo ètò wọn padà.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń sọ pé quarterback tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni ọjà tó dára jù?

Nítorí àdéhùn tí ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù àti NFL ṣe ní ọdún 2011. Ṣáájú ìgbà náà, ọ̀dọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ yàn máa ń gba owó tó ju ti àwọn àgbà lọ. Sam Bradford, tí wọ́n kọ́kọ́ yàn ní ọdún 2010, gba ọdún mẹ́fà àti mílíọ̀nù 78 dọ́là. Cam Newton, tí wọ́n kọ́kọ́ yàn ní ọdún 2011, gba nǹkan bíi mílíọ̀nù 22 fún ọdún mẹ́rin. Láti ìgbà náà ni ẹgbẹ́ tó bá rí ọ̀dọ́ tó mọṣẹ́ ti ní ọdún mẹ́rin tó lè fi owó tó ṣẹ́ kù kó àwọn mìíràn jọ.

Seattle ló kọ́kọ́ lo àǹfààní yìí dé góńgó. Ìpele kẹta ni wọ́n ti mú Russell Wilson ní ọdún 2012, owó ọdún kan rẹ̀ kò sì tó mílíọ̀nù kan dọ́là nígbà tí wọ́n na Denver 43 sí 8 ní oṣù Kejì ọdún 2014. Owó tó kù ni wọ́n fi gba Cliff Avril àti Michael Bennett kún àwọn adènà. Brock Purdy ti San Francisco tún kọjá bẹ́ẹ̀: òun ni ẹni ìkẹyìn tí wọ́n yàn ní ọdún 2022, ẹni 262, owó oṣù rẹ̀ fún gbogbo ọdún 2023 jẹ́ 870,000 dọ́là, ó sì gbé wọn dé Super Bowl ní sáà náà. Wọ́n pàdánù rẹ̀ sọ́wọ́ Kansas City, 25 sí 22. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, wọ́n fún un ní ọdún márùn-ún àti mílíọ̀nù 265 dọ́là. Àǹfààní náà ti tán, wọn kò sì gba ife kankan níbẹ̀. Ó yẹ kí ọkàn ẹnikẹ́ni tó ń ti ẹgbẹ́ tó ní ọ̀dọ́ quarterback lẹ́yìn má balẹ̀: ọdún mẹ́rin náà ń sáré.

Kí ni èrò yín nípa Deshaun Watson?

Àdéhùn quarterback yìí ló burú jù tí mo tíì rí. Cleveland fún Houston ní ẹ̀tọ́ yíyan ìpele àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n sì ṣèlérí mílíọ̀nù 230 dọ́là fún ọdún márùn-ún, tí gbogbo rẹ̀ pátá jẹ́ owó tí wọn kò lè gbà padà, fún ẹni tí kò gbá bọ́ọ̀lù rárá ní sáà 2021, tí ẹ̀sùn ìwàkiwà sí àwọn obìnrin sì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. NFL dá a dúró fún ìdíje 11. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, iṣan gìgísẹ̀ rẹ̀ já. Ẹni tó ni ẹgbẹ́ náà fúnra rẹ̀ ti gbà ní gbangba pé àwọn ta ọfà náà, kò bà. Baker Mayfield, tí wọ́n lé lọ nítorí rẹ̀, ju bọ́ọ̀lù tó di góòlù 41 fún Tampa Bay ní sáà 2024.

Ṣé kò yẹ kí àwọn quarterback gba owó díẹ̀ bíi Tom Brady, kí ẹgbẹ́ lè rí owó ná?

Mi ò fara mọ́ ọn. Lóòótọ́, Brady gba owó tó kéré sí iye tó lè béèrè fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì gba Super Bowl méje. Ṣùgbọ́n ara ènìyàn ni wọ́n ń ná nínú eré yìí, ọdún tí ẹnì kan fi lè gbá a kò pọ̀, àwọn tó ni ẹgbẹ́ sì ń pa owó tí kò lónkà. Bí Dak Prescott bá lè rí mílíọ̀nù 60 dọ́là gbà lọ́dún kan lọ́wọ́ Dallas, bó ṣe rí i gbà ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, kí ó gbà á. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ ni láti mọ ẹni tó tó iye bẹ́ẹ̀. Fún Dallas, èrò mi ni pé wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà falẹ̀ títí iye rẹ̀ fi gbówó lórí. Bí wọ́n bá ti parí rẹ̀ ní ọdún kan ṣáájú, ìbá dín kù.

Ṣé àwọn adènà tó lágbára kò lè gba ife ẹ̀yẹ láìsí quarterback gidi?

Ó ti ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fọkàn sí i. Ọmọ Yorùbá kan, Adewale Ogunleye, wà nínú Chicago tó dé Super Bowl ní oṣù Kejì ọdún 2007. Ìlà ìdènà wọn lé ènìyàn sá ní sáà náà, Devin Hester sì gba bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ nínú ìdíje náà, ó gbé e dé òpin pápá. Lẹ́yìn èyí, Rex Grossman, quarterback wọn, ju bọ́ọ̀lù méjì sọ́wọ́ ẹgbẹ́ kejì, ọ̀kan nínú wọn di góòlù sí wọn, Indianapolis tó ní Peyton Manning sì borí 29 sí 17. Ogunleye àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe iṣẹ́ wọn. Ó máa ń dùn mí pé orúkọ tiwa dé ibẹ̀ tí ife náà sì bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ báyìí.

Ti Cincinnati ńkọ́?

Òdì kejì ni wọ́n wà. Joe Burrow ti gba mílíọ̀nù 275 dọ́là ní ọdún 2023. Ní sáà 2024, òun ló ju yáàdì àti góòlù jù lọ ní gbogbo NFL, yáàdì 4,918 àti góòlù 43, síbẹ̀ wọn kò dé ìpele kòmẹsẹ̀-ó-yọ nítorí pé àwọn adènà wọn ń jò bí ajere. Ní oṣù Kẹta ọdún 2025, mílíọ̀nù 161 ni wọ́n fún Ja'Marr Chase, mílíọ̀nù 115 ni wọ́n fún Tee Higgins, àwọn tó ń gba bọ́ọ̀lù Burrow. Trey Hendrickson nìkan, tó gbé quarterback ṣubú ju ẹnikẹ́ni lọ ní sáà 2024, ni wọ́n bá fa ọ̀rọ̀ owó títí di òpin oṣù Kẹjọ. Mi ò ní kí wọ́n má sanwó fún Burrow. Àwọn tí yóò dá bọ́ọ̀lù padà fún un ni wọ́n gbàgbé.

Ẹgbẹ́ wo ló ń ṣe é dáadáa?

Philadelphia ni mò ń tì lẹ́yìn, nítorí náà ẹ lè fi ìyẹn sọ́kàn. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2023, wọ́n fún Jalen Hurts ní ọdún márùn-ún àti mílíọ̀nù 255 dọ́là, wọ́n sì pín owó náà sórí ọdún tó ń bọ̀ débi pé ìwọ̀nba díẹ̀ ló hàn lábẹ́ gbèdéke ní ọdún àkọ́kọ́ àti ìkejì. Gbèsè náà yóò dé. Ṣùgbọ́n gbèdéke ń ga sí i lọ́dọọdún, dọ́là tí ẹ bá san lọ́la sì kéré sí ti òní. Pàtàkì jù, wọn kò dẹ́kun yíyan àwọn géńdé ìlà iwájú ní tọ̀tún tòsì. Ní oṣù Kejì ọdún 2025, wọ́n gbé Mahomes ṣubú nígbà mẹ́fà, wọ́n ti gba 24 sí òdo kí wọ́n tó lọ sinmi, wọ́n sì borí 40 sí 22.

Ẹgbẹ́ mi ń gbèrò láti san owó ńlá fún quarterback wa. Kí ni kí n máa wò?

Ẹ wo ohun tó ń ṣe nígbà tí wọ́n bá mú olùrànlọ́wọ́ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnì kan ló ń gbé e, bí Barkley ṣe gbé Jones, owó yẹn yóò di òkú owó lọ́jọ́ kan. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè iye tí yóò jẹ́ tirẹ̀ bí wọ́n bá lé e lọ lẹ́yìn ọdún méjì, nítorí pé iye ńlá tí ìròyìn ń gbé jáde kì í sábà jẹ́ iye tí yóò dé ọwọ́ rẹ̀.

Josh Allen ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, Buffalo fi Stefon Diggs, ẹni tó ń gba bọ́ọ̀lù rẹ̀ jù lọ, ránṣẹ́ sí Houston. Àwọn tó ṣẹ́ kù kò ní orúkọ tó bẹ́ẹ̀. Allen borí ìdíje 13 nínú 17, wọ́n sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ ní sáà náà. Nígbà tó di oṣù Kẹta ọdún 2025, Buffalo fi ọdún mẹ́fà àti mílíọ̀nù 330 dọ́là síwájú rẹ̀, mílíọ̀nù 250 nínú rẹ̀ sì jẹ́ owó tó dájú. Bí ó bá jẹ́ pé èmi ni mo jókòó sí ọ́fíìsì wọn lọ́jọ́ náà, mi ò ní fi àdéhùn yẹn sùn.